Díìsìkì Tí Mo Sọ Ní Bàámi

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi ti rìn jìnnà, mo ti rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, mo sì ti rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì lé ní ọdún mẹ́rin tí mo ti kúrò ní Ìtàjí-Èkìtì. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹnu ṣì ń yà mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́, mo sì kí gbogbo èrò inú rẹ̀ káàárọ̀. Kò sí ẹni tó dáhùn, àfi ajá kan tó gbójú sókè wò mí. Mo jókòó, ojú tì mí bí ẹni tó wọ aṣọ òdì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Ìtàjí, bí o bá gun ọ̀kadà kọjá níwájú ilé àwọn èèyàn láìkí wọn, kí o tó délé, ẹjọ́ rẹ ti dé etí bàbá rẹ.

Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e kò pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Màmá kan wà ní ilé ìtọ́jú wa tó ti ṣe olùkọ́ rí, èmi ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Ó ní àpótí kan tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì. Ohùn ọkọ rẹ̀ ló wà nínú wọn, àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló kú. Kí n tó jẹun ọ̀sán tán, wọ́n ti palẹ̀ yàrá náà mọ́, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹlòmíì, àpótí kásẹ́ẹ̀tì sì ti wà nínú ọ̀rá dúdú lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo sáré lọ bi ọ̀gá wa bóyá wọ́n ṣèèṣì ni. Ó ní ọmọ màmá náà ló ní kí wọ́n dà á nù, pé kò sí ẹ̀rọ tó ń lò ó mọ́. Háà! Mo dúró ti ọ̀rá yẹn, inú bí mi gan-an. Mo ní irú ọmọ wo nìyí? Mo ní àwa ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi ti ṣe hẹdimásítà kó tó fẹ̀yìn tì, òun náà ló sì máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì ló ti ń lọ láti ilé àgbà kan sí òmíràn, ní Ìtàjí àti ní àwọn abà tó yí i ká, tó ń gba ohùn wọn sílẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ogun ló ń wá, kì í sì í ṣe ti ọba. Orúkọ ló ń wá. Orúkọ àwọn odò kéékèèké tó ti gbẹ, orúkọ ọ̀nà oko, ẹni tó kọ́kọ́ gbin kòkó sí ibi báyìí, orin tí wọ́n ń kọ bí wọ́n bá ń kọ ebè. Àgbà mẹ́rìndínlógún ló bá sọ̀rọ̀. Bó ṣe ń parí ti ọ̀kan ni ọ̀kan ń kú. Nígbà tí mo fi máa kúrò nílé, mẹ́ta péré ló kù láyé.

Inú kọ̀ǹpútà mi ló kó gbogbo ohùn náà sí. Ó ní iná NẸ́PÀ ti ba rédíò mẹ́ta àti tẹlifíṣọ̀n kan jẹ́ nílé wa, pé òun ò lè fi ohùn àwọn àgbà lé irú iná bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní, "Gbé e dání. Ùlú òyìnbó kì í sọ nǹkan nù." Mo dì í mọ́ra títí mo fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú.

Àbúrò mi, Ṣèyí, ló ṣètò kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní yunifásítì tó wà ní Ọ̀yẹ́. Ó ti yọ Wíńdòòsì kúrò nínú rẹ̀, ó fi Línúùsì rọ́pò. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, àwọn yìí ni ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ jí bí a bá tàn án. Ti Línúùsì ní àwòrán ẹyẹ dúdú kan tó yọkùn. Ṣèyí ní ọ̀fẹ́ ni, pé kòkòrò kì í wọ̀ ọ́, pé ó ń gbé ẹ̀rọ àlòkù sáré. Bó bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ó rò pé ẹ̀rí ìgbàlà ló ń jẹ́.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni kọ̀ǹpútà náà kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mò ń ṣe ẹ̀kọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti gba ìwé ẹ̀rí tí yóò jẹ́ kí n kúrò ní ipò ẹni tó ń wẹ èèyàn, ìdánwò sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo gbàdúrà lé e, mo gbá a létí. Kò dáhùn. Mo gbé e lọ bá ọkùnrin ará Pakísítàn kan tó ń tún fóònù ṣe ládùúgbò wa. Ó tú u, ó mi orí, ó ní inú rẹ̀ ti jó. Àmọ́ ó yọ díìsìkì jáde, nǹkan pẹlẹbẹ tí gbogbo ohun tí mo ní wà nínú rẹ̀, ó fi sínú àpótí ike kékeré olókùn kan, ó ní, "Eléyìí ò kú. Bí o bá ra kọ̀ǹpútà tuntun, o lè so ó mọ́ ọn." Mo dúpẹ́ títí ojú fi ń ti ọkùnrin náà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yan kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ẹ wò ó, ilé Áńgílíkà ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi tó ti sùn jẹ́ ọmọ Kátólíìkì láti Ìgbolé kó tó fẹ́ bàbá mi, Ṣèyí sì ti bá àwọn onígbàgbọ́ àtẹ́wọ́ lọ. Mo mọ bí àríyànjiyàn ìjọ ṣe máa ń rí nídìí abọ́ iyán. Mi ò mọ̀ pé ti kọ̀ǹpútà le jù ú lọ.

Mo pe Ṣèyí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má ra Máàkì, kọ̀ǹpútà olówó gọbọi yẹn. Ẹ ra àlòkù, màá júwe bẹ́ ẹ ṣe máa gbé Línúùsì sí i. Díìsìkì yẹn, èdè Línúùsì nìkan ló gbọ́. Ẹ má sì so ó mọ́ ohunkóhun tí mi ò bá sí lórí fóònù."

Mo ní, "Mo ti gbọ́."

Ìyá Ìbejì, ọmọ Ọ̀yọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, pòṣé nígbà tí mo sọ fún un. "Àlòkù kẹ̀? Ọdún mẹ́rin lókè òkun, ẹyẹ lo ṣì ń gbé kiri! Máàkì ni kí o rà. Tèmi ti tó ọdún mẹ́fà, kò tíì húkọ́ rí."

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ bi mí bóyá Wíńdòòsì ni mo fẹ́ ni tàbí Máàkì, bí ẹni tó ń bèèrè bóyá tíì ni mo máa mu ni tàbí kọfí. Kò dárúkọ Línúùsì rárá. Mo wo Máàkì, ó ń dán, ápù tí wọ́n gé jẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́: àṣehàn ló rà á. Gbogbo àwọn tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ló ní irú rẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa jẹ́ ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń hó bí ìkòkò omi ẹ̀bà. Mo gbé e lé itan nínú bọ́ọ̀sì, lọ́jọ́ yẹn, mi ò kí ẹnì kankan.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni, mi ò níṣẹ́. Mo tan kọ̀ǹpútà tuntun, mo so díìsìkì mọ́ ọn. Ó yẹ kí n pe Ṣèyí, àmọ́ mo mọ̀ pé yóò ní, "Mo sọ fún yín," mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ ayọ̀ mi. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síta pé òun ò lè ka díìsìkì yìí. Ó gbé bọ́tìnì mẹ́ta jáde pé kí n mú ọ̀kan. Mo mú àkọ́kọ́. Ó tún kìlọ̀ nǹkan kan, mi ò kà á, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ má bínú sí mi, tàbí kí ẹ bínú. Ohun tí mo kọ́ láàárín ọdún mẹ́rin ni pé bí òyìnbó bá bi ọ́ ní nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni kí o wí. Ní pápákọ̀ òfurufú, bẹ́ẹ̀ ni. Ní báǹkì, bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń wo ìwé ìgbélùú, bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ kọ́kọ́ kà á tán ni wọ́n máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìka mi ti mọ ọ̀nà ibi bẹ́ẹ̀ ni ju bó ṣe mọ ọ̀nà ẹnu mi lọ.

Lẹ́yìn náà, ó ní kí n sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀rín pa mí. Mo rò pé ó ń bèèrè ẹni tó ni ín ni. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ò wolé wòta, mo tẹ BAAMI, lẹ́tà ńláńlá, mo sì pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Ìlà kan sáré kọjá lójú kọ̀ǹpútà, kò pẹ́ rárá. BAAMI yọ sókè. Mo ṣí i. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mo pa á dé, mo tún ṣí i. Mo yọ okùn, mo tún un so. Mo pe Ṣèyí, mo ṣàlàyé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tẹ̀?"

"Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ tún sọ ọ́ lórúkọ? Bí wọ́n bá fẹ́ pa gbogbo ohun tó wà nínú díìsìkì rẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ!"

A jọ bá a jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọkùnrin ará Pakísítàn náà tún gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó dá a padà fún mi láìgba kọ́bọ̀, kò sì lè wò mí lójú. Ó ti tán. Ṣèyí ti sọ fún mi láìmọye ìgbà pé kí n kó o sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀la ni mo máa ń wí. Nínú àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún náà, ìyá kan ṣoṣo ló kù láyé, kò sì dá ọmọ tó bí mọ̀ mọ́.

Mo ronú kan ọmọ màmá olùkọ́ yẹn. Òun tiẹ̀ mọ ohun tó ń dà nù. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé; mo wo ìka mi títí ní ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ń fi bọ́ arúgbó kan lóúnjẹ.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè sọ fún bàbá mi. Mo yege ìdánwò nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mi ò yọ̀. Yàrá ìsinmi wa ni mo ti pè é, Ìyá Ìbejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó máa ń bí i nínú bí mo ṣe ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀. "Ṣé bàbá tó bí ọ lò ń pè ní 'o' yẹn?" Mo ti sọ fún un títí pé bí àwa Èkìtì ṣe ń sọ ọ́ nílé nìyẹn, pé kò sí àrífín níbẹ̀. Ṣèyí tó ń pè mí ní "ẹ", àwọn ará Ọ̀yọ́ ní yunifásítì ló kọ́ ọ.

Mo ní, "Bàámi, mo ti ba uṣẹ́ rẹ jẹ́."

Mo sọ ọ́ látòkè délẹ̀ pẹ̀lú ẹkún. Mò ń gbọ́ àkùkọ kan tó ń kọ lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́.

"Tìtorí ẹ̀ lo ṣe ń sunkún? Hẹdimásítà ni mí! Ta ló ní ẹ̀rọ nìkan ni mo gbé e lé? Kí n tó gbohùn ẹnikẹ́ni, mo ti kọ ọ́ sínú ùwé. Ùwé mẹ́jọ ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Sọ́ńdè, màá máa kà á fún ẹ, ìwọ máa tẹ̀ ẹ́. Ṣó o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo dì mọ́ Ìyá Ìbejì, mo gbé e sókè, èmi tí ẹ̀yìn ń dùn.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, yóò pè, yóò ní, "Ṣé o ti jókòó?" Màá gbọ́ bí ìwé ṣe ń ṣí, yóò sì bẹ̀rẹ̀. Odò Alágbẹ̀dẹ, nítorí ibẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ kan ti máa ń bu omi tó fi ń pa irin. Ìrókò kan ní ọ̀nà Ààyè tí wọ́n ń pè ní Sọ̀-ná, nítorí ìdí rẹ̀ ni àwọn tó ru uṣu bọ̀ láti oko ti máa ń sọ̀ ẹrù. Bó bá kan orin, yóò kọ ọ́, ohùn rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Nígbà mìíràn yóò ní, "Dúró, ojú ewé méjì ló lẹ̀ mọ́ra."

Mo ti ń gbàgbé èdè ilé wa. Mi ò mọ̀ pé mo ti ń gbàgbé rẹ̀ títí ó fi di pé mò ń ní kó tún un sọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń padà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bá ara mi lẹ́nu orin ebè, bàbá òyìnbó kan tí kì í bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀ sì ń fi ìka lu apá àga rẹ̀ tẹ̀lé mi. Mo kọ ọ́ tán, ó ní kí n tún un kọ. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní ìwé ìgbélùú lọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi pé ibo ni mo ń gbé gan-an. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, mi ò kí ń bi ara mi.

Ó yẹ kí n ti fura. Lọ́jọ́ kan ó pe Odò Alágbẹ̀dẹ ní Odò Olówú. Mo ní, "Bàámi, Alágbẹ̀dẹ lo pè é níjọ́sí." Ó ní, "Méjèèjì ló wà nínú ùwé. Tẹ méjèèjì." Mo ní kó jẹ́ kí Ṣèyí wá ya àwọn ìwé náà ní fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó lè sinmi. Ó kọ̀. Ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé òun ò dára tó ohun tí èèyàn ń fi han ọmọ. Hẹdimásítà tí gbogbo ìlú ń gbé ìwé ìpè ìgbéyàwó wá bá pé kó fi ọwọ́ rẹ̀ kọ orúkọ sí i!

Nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tó, Ṣèyí fẹ́ lọ sílé láti Ọ̀yẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ ní bòókẹ́lẹ́ pé kó ya àwọn ìwé mẹ́jọ náà fún mi, kí Bàámi má mọ̀. Mo ti jóná lẹ́ẹ̀kan, mi ò fẹ́ kí òjò tàbí ikán tún jẹ ìyókù.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo ṣí fóònù. Kò sí fọ́tò kankan. Fídíò kékeré kan ló wà níbẹ̀. Bàbá mi ló jókòó lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, fóònù wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀, tí mò ń ní, "Tún un sọ, Bàámi." Ìwé orin mímọ́ ló wà lórí itan rẹ̀. Orí ìwé náà ló dojú kọ ilẹ̀. Ó fi ahọ́n lá ìka, ó ṣí ojú ewé kan, ó gbójú sókè sí àjà ilé, ojú náà funfun, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ohùn Ṣèyí ló tẹ̀lé e. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàtà méjì àti kẹ́ẹ̀gì epo ló wà níbẹ̀. Kò síwèé. Kò sí ìwé kankan rí. Bàámi ò sì ríran mọ́, ó ti lé lọ́dún kan. Wọ́n ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún yín, kẹ́ ẹ má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Mo ti ṣe háà nílẹ̀ yìí nítorí òtútù, nítorí oúnjẹ, nítorí èèyàn tí kì í dáhùn ìkíni. Èyí ò ní háà. Mo kàn jókòó, ẹnu mi là sílẹ̀, tíì mi sì ń tutù. Inú orí ara rẹ̀ ló ti ń kà á. Ohùn èèyàn mẹ́rìndínlógún, odò, igi, orin, láti inú òkùnkùn, kí ọmọ rẹ̀ má baà rò pé òun ló sọ ọ́ nù.

Ìyá Ìbejì wọlé, ó bi mí pé ṣé kò sí láburú. Mo na fóònù sí i. Ó wò ó tán, ó tún un wò.

"Ṣé bàbá tí o máa ń pè ní 'o' nìyí?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ sí fóònù náà ní àárín yàrá ìsinmi, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ lára.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún un. Màá bínú pé ó fi ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ pamọ́ fún mi. Màá ní mò ń bọ̀ nílé ní Kérésìmesì, màá sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Ìdó. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì pàápàá. Ọjọ́ Ìsinmi pé, fóònù dún.

"Ṣé o ti jókòó?"

"Mo ti jókòó, Bàámi."

"Níbo la dé?"

"A ti kúrò ní Sọ̀-ná. O ní ó ku ọ̀nà tó yà sápá òsì."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Dúró ná, jẹ́ n wá ojú ewé rẹ̀."

Mo gbọ́ tákàdá tó ń dún. Títí di ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ti ń tẹ̀; kò wá sí mi lọ́kàn rí láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo fa díìsìkì jáde nínú dúrọ́ọ̀, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. BAAMI yọ sókè, òfìfo. Mo tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gbohùn sílẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí mo ka gbogbo ohun tó kọ síta kí n tó tẹ̀ ẹ́.

"Má kánjú, Bàámi," ni mo wí. "Ṣí i. Mò ń dúró."